Ṣé Ènìyàn Ló Dá Òrìṣà ní Àwòrán Ara Rẹ̀?



Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́: ṣé kì í ṣe ènìyàn ló jókòó tó fi ọgbọ́n orí rẹ̀ dá òrìṣà sílẹ̀, tó sì fún un ní ojú, ìyàwó, ìbínú àti oúnjẹ bíi tirẹ̀? Oríṣi ènìyàn méjì ló ń béèrè bẹ́ẹ̀. Àwọn kan fẹ́ fi ṣe ẹlẹ́yà ni. Àwọn kejì ni ọmọ ilé: bàbá wọn tàbí ìyá wọn kú, ó fi ojúbọ sílẹ̀, wọn kò sì mọ̀ bóyá kí wọ́n máa bọ ọ́ ni tàbí kí wọ́n kó o sọnù. Ní Àgbàdo níbí, irú wọn ń wá síwájú ọpọ́n Ifá. Nítorí wọn ni a ṣe kọ àlàyé yìí.

Ìdáhùn rẹ̀ ní ṣókí nìyí. Ọwọ́ ènìyàn ló gbẹ́ ère, ẹnu ènìyàn ló ń pe orúkọ tó sì ń pa ìtàn. Ṣùgbọ́n agbára tí a ń pè kì í ṣe ènìyàn ló dá a. Ẹni tó bá da ère àti òrìṣà pọ̀ yóò ṣìnà, ìbáà jẹ́ abọrìṣà, ìbáà jẹ́ ẹlẹ́yà.

Àwọn tó ti béèrè rẹ̀ rí

Ní nǹkan bí 2,500 ọdún sẹ́yìn, ọkùnrin ará Gíríìkì kan wà tó ń jẹ́ Xenophanes. Ó ṣàkíyèsí pé òrìṣà àwọn aláwọ̀ dúdú máa ń dúdú, imú wọn a sì tẹ́, nígbà tí òrìṣà àwọn onírun pupa máa ń ní irun pupa. Ó ní bí màlúù àti ẹṣin bá lọ́wọ́ tí wọ́n lè fi ya àwòrán, òrìṣà màlúù ì bá jọ màlúù, ti ẹṣin ì bá sì jọ ẹṣin. Ní ọdún 1841, Ludwig Feuerbach, ará Jámánì, kọ ìwé kan lórí ẹ̀sìn Kristẹni. Ó ní ìwà rere tó wà nínú ènìyàn fúnra rẹ̀ ni ènìyàn kó jọ, tó gbé lọ sókè ọ̀run, tó wá ń pè é ní Ọlọ́run. Ẹni tó bá rò pé ẹ̀sìn ìbílẹ̀ nìkan ni ìbéèrè yìí kàn kò tíì gbọ́ ọ dé ìdí. Gbogbo ẹ̀sìn ló kàn.

Nílẹ̀ Yorùbá, Karin Barber, onímọ̀ ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé ní Òkukù ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó sì gbọ́ Yorùbá dáadáa, kọ àròkọ kan jáde ní ọdún 1981 lórí bí ènìyàn ṣe ń sọ òrìṣà di ńlá. Ohun tó rí nínú oríkì àti ìṣe àwọn abọrìṣà ni pé ọ̀dọ̀ àwọn olùsìn ni ọlá òrìṣà ti ń wá, bí ọlá ènìyàn ńlá láàárín ìlú ṣe ń wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀ lé e. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. A ó padà dé ibẹ̀.

Kí là ń pè ní òrìṣà?

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni òrìṣà, ṣùgbọ́n oríṣi mẹ́ta ló kó pọ̀.

Èkíní ni àwọn irúnmọlẹ̀ tí Olódùmarè rán láti ọ̀run wá sáyé, bíi Ọbàtálá, Ọ̀rúnmìlà, Ògún àti Èṣù. Èkejì ni agbára tó wà nínú ayé fúnra rẹ̀: odò, òkun, òkè, ilẹ̀, afẹ́fẹ́. Ẹ̀kẹta ni àwọn tó jẹ́ ènìyàn rí, tí iṣẹ́ ọwọ́ wọn ga tó bẹ́ẹ̀ tí ìlú kò lè gbàgbé wọn. Mọ́remí ti Ilé-Ifẹ̀, tí a ń rántí nígbà ọdún Ẹdì, jẹ́ àpẹẹrẹ kan.

Òrìṣà mìíràn a máa wà nínú méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀ṣun jẹ́ odò tó ń ṣàn gba Òṣogbo kọjá. Nínú odù Ọ̀ṣẹ́ Òtúrá, òun náà ni irúnmọlẹ̀ obìnrin tí àwọn ọkùnrin yòókù fojú di nígbà tí wọ́n dé ayé, tí gbogbo iṣẹ́ wọn sì dàrú títí wọ́n fi padà lọ bẹ̀ ẹ́.

Olódùmarè ló wà lókè gbogbo wọn. A kì í gbẹ́ ère rẹ̀. A kò sọ pé ó ga tàbí pé ó kúrú, a kò sì sọ bí ojú rẹ̀ ṣe rí. Ẹ jẹ́ kí a ro èyí dáadáa. Bó bá jẹ́ pé àwòrán ara wọn nìkan ni àwọn baba wa ń wá, ṣé ọ̀dọ̀ ẹni tó ga jù lọ kọ́ ni wọn ì bá ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹni tó jẹ́ ènìyàn rí: Ṣàngó

Ọ̀rọ̀ Ṣàngó ni àwọn tó ń ṣàtakò máa ń kọ́kọ́ mú wá. Wọ́n á ní: “Ẹ̀yin náà sọ pé Aláàfin Ọ̀yọ́ ni. Ọba tó jẹun tó sun, báwo ló ṣe di òrìṣà?” Ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, sọ pé ọba náà so. Àwọn oníṣàngó kò gbà bẹ́ẹ̀. Ọba kò so ni wọ́n ń wí títí di òní.

Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná, kí ẹ wo nǹkan mìíràn. Àrá ti ń sán kí a tó bí Aláàfin kankan. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin wa ní ọjọ́ kan tí a ń pè ní ọjọ́ Jàkúta, ìyẹn ẹni tó ń fi òkúta jà. Nítorí náà, kì í ṣe pé àwọn ènìyàn mú ọba kan tí wọ́n wá ti inú rẹ̀ dá àrá. Agbára àrá wà níbẹ̀, wọ́n sì rí ọkùnrin kan tí agbára náà hàn lára rẹ̀, tí iná ń yọ lẹ́nu rẹ̀ bó bá ń sọ̀rọ̀. Wọ́n so orúkọ rẹ̀ mọ́ agbára náà. Iṣẹ́ ènìyàn ni ìsopọ̀ yẹn. Àrá kì í ṣe iṣẹ́ ènìyàn.

Ère kì í ṣe òrìṣà

Àlejò tó bá wọ ilé òrìṣà, ère ni ojú rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ bà. Ó lè rí obìnrin tó kúnlẹ̀ tó gbé igbá dání, tàbí ọkùnrin tó gun ẹṣin, á wá ní: “Òrìṣà wọn rèé.” Kò rí i. Olùsìn ni obìnrin tó kúnlẹ̀ yẹn, ìkúnlẹ̀ níwájú òrìṣà ló ń fi hàn wá. Ohun tí a ń bọ lè wà nínú ìkòkò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère náà, kí ó má sì jọ ènìyàn rárá.

Ẹ kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Yangí ni a fi ń bọ Èṣù. Irin ni ti Ògún. Edùn àrá ni ti Ṣàngó. Ota tí a gbé nínú omi ni ti Ọ̀ṣun. Ikin mẹ́rìndínlógún ni ti Ọ̀rúnmìlà, orí ọ̀pẹ ló ti wá, agbẹ́gilére kankan kò fọwọ́ kàn án. Orí wá ńkọ́, tó sún mọ́ ènìyàn ju gbogbo òrìṣà lọ? Odù Ògúndá Méjì kọ́ wa pé òun nìkan ló lè bá ẹni tó ni ín rin ìrìn-àjò tó jìnnà jù lọ láìpadà lẹ́yìn rẹ̀. Awọ àti owó ẹyọ ni a fi ń ṣe ilé orí. Ó rí ṣóńṣó, kò lójú, kò ní imú.

Ní igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, ère ńláńlá ló wà níbẹ̀ tí ọjọ́ wọn kò pẹ́. Susanne Wenger, ará Austria tó dé Nàìjíríà ní ọdún 1950, òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà bí Adébísí Àkànjí ló mọ wọ́n. Àjọ UNESCO fi igbó náà sí ara ogún àgbáyé ní ọdún 2005. Gbogbo ayé mọ ẹni tó mọ àwọn ère náà. Síbẹ̀, bí ọjọ́ ọdún bá pé, etí odò ni Arugbá ń gbé igbá lọ. Ẹni tó mọ ère kò mọ odò.

Ìtàn tiwa tilẹ̀ gba ọ̀nà kejì. Ọbàtálá ló ń fi amọ̀ mọ ènìyàn, Olódùmarè sì ń fún un ní ẹ̀mí. Àwọn àfín, abuké, arọ àti aràrá wà lára ohun tó mọ, ẹni òrìṣà ni a sì ń pè wọ́n. Ẹni tó bá ń dá òrìṣà ní àwòrán ara rẹ̀, ara tó pé tó sì rẹwà ló máa fún un, kò sì ní ka àwọn tí ayé ń wò ní ìwòkuwò sí ẹni mímọ́ òrìṣà náà.

Bó ṣe rí lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù

Inú fíìmù Íńdíà, ní ilé sinimá, ni ọ̀pọ̀ wa tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ti kọ́kọ́ rí àwọn òrìṣà Híńdù. A rí èyí tó ní orí erin, a rí èyí tó ní ọwọ́ mẹ́rin, a sì rẹ́rìn-ín. A kò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ náà ni àlejò ṣe ń fi tiwa rẹ́rìn-ín.

Olórí erin yẹn ni Ganesha. Ìtàn wọn ní Parvati, ìyá rẹ̀, ló fi ohun tó fi ń pa ara mọ ọn, tó ní kó máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Shiva, ọkọ ìyá rẹ̀, dé, ọmọ náà kò jẹ́ kó wọlé, Shiva bẹ́ ẹ lórí, ó sì wá fi orí erin rọ́pò. Ganesha ni wọ́n ń kọ́kọ́ júbà fún kí wọ́n tó dáwọ́ lé ohunkóhun. Ẹni tó mọ ipò Èṣù nínú ẹbọ yóò rí ìjọra níbẹ̀. Vishnu ní tirẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá sáyé lọ́pọ̀ ìgbà: ó wá bí ẹja, bí ìjàpá, bí ẹlẹ́dẹ̀ igbó, bí ìdajì ènìyàn ìdajì kìnnìún, kí ó tó wá bí ènìyàn. Ta ló wá jọ ẹlẹ́dẹ̀ igbó nínú àwọn tó sọ ìtàn náà? Ọ̀rọ̀ Xenophanes kò tó láti tú èyí.

Ohun tó yẹ kí a kọ́ lọ́dọ̀ wọn ni ohun tí wọ́n ń fi ère ṣe. Bí agbẹ́gilére bá ṣe ère tán, kò tíì di ohun ìsìn. Àlùfáà yóò ṣe ètùtù tí wọ́n fi ń pe ẹ̀mí sínú rẹ̀. Nígbà ọdún Ganesha ní Mumbai, àti ọdún Durga ní Kolkata, wọ́n á fi amọ̀ mọ ère ńlá, wọ́n á bọ ọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, lẹ́yìn náà wọ́n á gbé e lọ sínú omi, yóò sì yọ́ dà nù. Ẹni tó bá gbà pé amọ̀ ni òrìṣà òun kò jẹ́ rì í sínú omi, kó sì padà sílé tayọ̀tayọ̀. Wọ́n tún ní òkúta dúdú kan tó ń ti odò Gandaki ní Nepal wá, tí wọ́n fi ń bọ Vishnu. Wọn kò gbẹ́ ẹ. Bí ikin ṣe jẹ́ sí wa ló jẹ́ sí wọn.

Àwọn àgbà wọn sì ti béèrè ìbéèrè wa yìí tipẹ́. Orin àtijọ́ kan wà nínú Rig Veda tó sọ pé àwọn òrìṣà pàápàá dé lẹ́yìn tí ayé ti bẹ̀rẹ̀, ó sì béèrè ta ló wá mọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe ṣẹlẹ̀. Nínú ìwé àtijọ́ mìíràn, wọ́n bi ọlọ́gbọ́n kan tó ń jẹ́ Yajnavalkya pé mélòó ni òrìṣà. Ó kọ́kọ́ ní 3,306. Wọ́n tún bi í, ó ní 33, ó sì ń dín in kù títí ó fi kan ẹyọ kan. Ìtàn tiwa gba ìdàkejì: òrìṣà kan ṣoṣo ló wà, ẹrú rẹ̀ tó ń jẹ́ Àtúndá yí òkúta lù ú láti orí òkè, ó fọ́ yángá, Ọ̀rúnmìlà ṣa ohun tó rí ṣà, ìyókù sì fọ́n ká ayé. Àwọn yẹn kà á láti ọ̀pọ̀ dé orí ọ̀kan, àwa kà á láti orí ọ̀kan dé ọ̀pọ̀. Ọ̀nà kan náà ni.

Àwòrán tó rìn jìnnà

Ibi kan wà tí ọwọ́ ènìyàn ti hàn gbangba, a kò sì gbọ́dọ̀ fi pamọ́. Ní ọdún 1894, ayàwòrán Raja Ravi Varma dá ilé ìtẹ̀wé sílẹ̀ ní Bombay, èyí tí à ń pè ní Mumbai lónìí. Àwòrán Lakshmi àti Saraswati tó yà wọ ilé olówó àti tálákà. Ojú tí ọ̀pọ̀ ará Íńdíà mọ̀ mọ́ òrìṣà wọn lónìí, ọwọ́ ayàwòrán ló ti wá.

Irú bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa. Àwòrán Mami Wata tí gbogbo ènìyàn mọ̀, obìnrin onírun gígùn tí ejò yí mọ́ lọ́rùn, obìnrin kan tó ń fi ejò dárà níwájú èrò ìwòran ní Jámánì ni wọ́n yà. Ìlú Hamburg ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ní àárín ọdún 1880 sí 1889. Ní ọdún 1955 wọ́n tún un tẹ̀ ní Bombay, wọ́n sì kó o wá fún àwọn oníṣòwò ní Ghana. Ní Benin àti Togo, àwọn ẹlẹ́sìn Vodun gba àwòrán Shiva, Lakshmi àti Hanuman, wọ́n gbé wọn kọ́ sí ojúbọ, wọ́n sì fi ń ṣàpẹẹrẹ àwọn ẹ̀mí omi tí wọ́n ti ń bọ tẹ́lẹ̀. Àwòrán náà jẹ́ àlejò, ṣùgbọ́n ẹ̀mí tí wọ́n fi í pè kì í ṣe àlejò.

Lókè òkun náà kò yàtọ̀. Ní Cuba, àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú fi ère Santa Barbara bo Ṣàngó mọ́lẹ̀. Ní Brazil, ọ̀pọ̀ àwòrán Yemọja ló funfun, tí irun rẹ̀ gùn dé ìdí. Àwòrán yẹn jọ àwọn tó yà á. Ṣùgbọ́n òkun tí wọ́n ń gbé òdòdó lọ bá ní Salvador ní ọjọ́ kejì oṣù Èrèlé kò jọ ẹnikẹ́ni.

“Bí kò sí ènìyàn, imalẹ̀ kò sí”

Àwọn kan máa ń fi òwe yìí gbè wá lẹ́jọ́. Wọ́n ní àwa fúnra wa jẹ́wọ́ pé ènìyàn ló dá òrìṣà. Òwe náà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé láìsí ènìyàn, kò sí ẹni tí yóò pe òrìṣà lórúkọ, kò sí oríkì, kò sí ọdún, kò sí ẹbọ. Bí ọkọ kan kò bá tíì níyàwó, a kì í pè é ní ọkọ, ṣùgbọ́n ọkùnrin ni. Ibi tí òótọ́ Karin Barber wà nìyẹn: àwa là ń gbé òrìṣà ga, a sì lè pa á tì. Nígbà tí abọrìṣà bá sọ pé “òrìṣà, bí o kò bá lè gbè mí, ṣe mí bí o ṣe bá mi,” kì í ṣe ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ló ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá a dá májẹ̀mú ló ń bá wí.

Ibi tí ewu wà

Ewu tó wà níbẹ̀ ni pé ènìyàn lè dá òrìṣà ní àwòrán ara rẹ̀ lóòótọ́, ó sì ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gba ilẹ̀ àbúrò rẹ̀ á ní òrìṣà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí owó ń wù á ní òrìṣà ń bèèrè màlúù. Ẹni tí inú rẹ̀ kò dára á wá òrìṣà tí yóò máa bínú bá a. Ohun tí irú wọn ń bọ kì í ṣe Ògún, kì í ṣe Ṣàngó. Ìfẹ́ inú ara wọn ni.

Àwọn àgbà mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn rí. Ìdí nìyí tí babaláwo kì í fi jókòó kó sọ ohun tó wá sí i lọ́kàn. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ló ń dà sílẹ̀ tàbí ikin ló ń pa. Ọ̀kan nínú 256 odù ni yóò jáde, kò sì sí agbára babaláwo láti yan èyí tó wù ú. Lẹ́yìn náà a ó dá ìbò láti mọ̀ bóyá ire ni tàbí ibi. Odù tó bá jáde lè bá ẹni tó wá dífá wí, ó sì lè bá babaláwo náà wí.

Èèwọ̀ tún wà. Ọlọ́bàtálá kì í mu ẹmu, bó ti wù kí ẹmu dùn mọ́ ọn tó. Ìtàn wa kò sì fi pamọ́ pé ẹmu ló da Ọbàtálá fúnra rẹ̀ láàmú. Ìtàn tí àwọn ènìyàn bá fi ń pọ́n ara wọn lé nìkan kò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀.

Òdiwọ̀n kan wá wà tí gbogbo olùwádìí lè mú lọ sílé. Òrìṣà tó bá ń gbà pẹ̀lú rẹ nígbà gbogbo, tí kò sọ “rárá” fún ọ rí, tí àwọn ọ̀tá rẹ jẹ́ ọ̀tá rẹ̀, àwòrán ara rẹ ni. Òrìṣà tó bá ń dá ọ dúró nígbà tí o bá ń sáré lọ sí ibi tí kò yẹ, tó ń sọ fún ọ pé kí o lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹni tí o ṣẹ̀, ìwọ kọ́ lo dá a.

Ohun tí ẹni tó jogún ojúbọ yóò ṣe

Bí ikán bá ti jẹ ère bàbá rẹ, má bẹ̀rù. Igi ni ikán jẹ, kò jẹ òrìṣà. A lè gbẹ́ òmíràn, a sì lè bọ òrìṣà láìsí ère rárá.

Má yára kó ojúbọ sọnù, má sì yára gbé e ru. Kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé ohun tó wà níbẹ̀, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àti èèwọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, dífá. Bí o bá ń ṣiyèméjì, lọ sọ́dọ̀ awo mìíràn tí kò mọ ilé yín. Ifá lè sọ pé ìwọ ló kàn, ó lè sọ pé àbúrò rẹ ni. Ó sì lè ní kí a ṣe ètùtù, kí a dá ota padà sínú odò tí a ti bù ú. Ohunkóhun tó bá sọ, kí orí rẹ fọwọ́ sí i, nítorí òrìṣà kò lè gbe ẹni tí orí rẹ̀ kò gbè.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì bi ọ́ pé ta ló dá òrìṣà, sọ fún un pé àwa la gbẹ́ ère, àwa la sì ń ki oríkì. Lẹ́yìn náà, mú un lọ sí etí odò, kó wá bi ọ́ pé ta ló dá ìyẹn.

Kí Ẹlẹ́dàá wa má sùn o. Àṣẹ.